Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ìbọn Oníwèé Àṣẹ Gba Ojú Ọ̀nà Èkó, àti Ohun Tí Ẹ Máa Sọ Nígbà Tí Ọlọ́pàá Bá Dá Yín Dúró

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìbọn ní Èkó ni kì í rí ìyọnu kankan níwọ̀n ìgbà tí ìbọn bá wà nínú àpótí nílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú, ì báà jẹ́ pé láti Ìta Fájì ni wọ́n ti ń lọ sí oko ní Ẹ̀pẹ́, tàbí pé láti Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí Ìkẹjà fún àyẹ̀wò nígbà tí àkókò àtisọ ìwé di ọ̀tun bá tó. Wọ́n á tẹ́ ìbọn sí ẹ̀yìn àga, wọ́n á ká ìwé àṣẹ sínú àpò kan náà, nígbà tí ọlọ́pàá bá sì ní kí wọ́n mú ìwé wá, ibi tí ìbọn wà gan-an ni ọwọ́ wọn á kọ́kọ́ kọrí sí. Ọlọ́pàá tó bá rí ọwọ́ tó ń lọ síbi ìbọn kò ní dúró béèrè bóyá ìwé ni onítọ̀hún ń wá.

Ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ẹni tí kò tíì gbà á kò ní rí ọgbọ́n kankan níbí tí yóò fi gbé ìbọn kọjá lójú ọlọ́pàá. Kí ó kọ́kọ́ lọ sí tèṣọ́n àdúgbò rẹ̀, kí ó béèrè bóyá ìjọba ń fún àwọn èèyàn tuntun ní ìwé ní àkókò náà, kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń dá a dúró. Kí ó sì mọ̀ pé òfin kò gbà kí wọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé yìí, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé àṣẹ ìbọn gan-an, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nìkan, àti fọ́tòkópì méjì tó hàn ketekete.
- Ìwé ìdánimọ̀ tó ní àwòrán yín, tí orúkọ orí rẹ̀ sì bá ti ìwé àṣẹ mu láìyọ lẹ́tà kan.
- Àpótí tàbí àpò ìbọn tó ṣeé tì, pẹ̀lú àgádágodo.
- Páálí kékeré mìíràn fún ọta, òun náà pẹ̀lú àgádágodo tirẹ̀.
- Fáìlì pẹlẹbẹ tàbí àpòòwé fún àwọn ìwé.
- Ìwé ọkọ̀ tó pé, títí kan ìwé gíláàsì dúdú bí gíláàsì ọkọ̀ yín bá dúdú.
- Nọ́ńbà fóònù agbẹjọ́rò kan àti ti ẹbí kan, tí ẹ kọ sórí bébà, nítorí pé fóònù yín lè má sí lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé irú ìbọn tí ẹ ní jẹ́ irú èyí tí ìwé yín lè bò

Òfin ìbọn ti ọdún 1959, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn èyí tí òfin kà léèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn ológun, bọ́ǹbù, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ pátá. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí ẹnì kan ní irú wọn. Èkejì ni ìbọn àdáni, irú bíi dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì, ìbọn ìṣọdẹ tí kì í ṣe ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn kan fi ń pa ẹyẹ. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lórílẹ̀-èdè ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ fún èyí. Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí a ń ti ẹnu rẹ̀ kì, ìyẹn ṣakabùlà àwọn ọdẹ, tí ó ní ìwé ìyọ̀ǹda tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà níbí pọ̀. Àwọn kan rò pé ìbọn afẹ́fẹ́ kò nílò ìwé nítorí pé kò dún púpọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin kà á mọ́ ìbọn àdáni. Àwọn mìíràn ní ìwé dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì, wọ́n wá ra pump-action, ìyẹn ìbọn gígùn tí a ń fi ọwọ́ fà kí ọta mìíràn lè wọlé, wọ́n ní ìbọn gígùn ni méjèèjì. Òfin yọ ìbọn tó ní ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ń ti ọta tuntun wọlé kúrò nínú ìsọ̀rí ìbọn àdáni, nítorí náà ìwé dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì kò lè gbà yín sílẹ̀. Ti ìbọn ìléwọ́ ló le jù. Mo ti gbọ́ tí àwọn oníṣòwò ń sọ pé àwọn mọ ẹni tó lè bá wọn “ṣe ìwé” rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò níyì níwájú adájọ́ kankan, ẹ̀wọ̀n tí òfin sì là sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn eléèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò lè dín ní ọdún 10.

Ọ̀rọ̀ ìbọn kò sí lábẹ́ agbára gómìnà tàbí alága káńsù, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin ilẹ̀ wa fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí lọ́wọ́. Lẹ́tà tí alága àdúgbò tàbí baálẹ̀ bá kọ fún yín lè jẹ́rìí sí ìwà yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àṣẹ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ka irú ìbọn tí wọ́n kọ sórí ìwé yín sókè, kí ẹ wo èyí tó wà níwájú yín. Bí ẹ bá ní láti ṣe àlàyé kí méjèèjì tó bára mu, ẹ má gbé e jáde.

Ìpele 2: Ẹ yẹ ìwé wò kí ọlọ́pàá tó yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ tẹ́ ìwé àti ìbọn sórí tábìlì lẹ́yìn tí ẹ ti rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin ìbọn náà, kí ẹ fi ìka tọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń ka èyí tó wà lórí ìwé. Bí nọ́ńbà bá ti ń pa rẹ́, ẹ má fín in fúnra yín. Ẹ lọ sọ ọ́ ní tèṣọ́n, nítorí pé nọ́ńbà tí ẹni tí kò yẹ fín dà bí nọ́ńbà ìbọn jíjí lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọjọ́. Ọdọọdún ni a ń sọ ìwé yìí di ọ̀tun, ìbọn tí ìwé rẹ̀ ti kú kò sì yàtọ̀ sí èyí tí kò níwèé rárá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé nítorí ọdún Kérésìmesì àti ìnáwó ìparí ọdún, tí ó fi jẹ́ pé oṣù kìíní tàbí ìkejì ni wọ́n máa ń bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Bí ìwé bá sì ti kú nílé yín, ẹ má ṣe gbé ìbọn sínú ọkọ̀ kí ẹ ní ẹ ń gbé e lọ tún ṣe. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá DPO, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá tèṣọ́n àdúgbò yín, ẹ ṣàlàyé, kí ó sọ bí ìbọn náà yóò ṣe dé tèṣọ́n.

Ìwé náà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Dírẹ́bà yín kò lè gbé ìbọn náà lọ jẹ́ iṣẹ́ fún yín, ọmọ yín kò lè gbé e lọ sí oko, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín kò sì lè fi ṣọ́lé lóru. Ní ti olùṣọ́, òfin ilé-iṣẹ́ aṣọ́lé aládàáni ti ọdún 1986 sọ ọ́ kedere pé àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lo ìbọn lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹni tí wọ́n bá bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ìwé lè san ₦20,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀, lábẹ́ òfin ìdigunjalè àti ohun ìjà. Ẹ rò ó wò kí ẹ tó fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Orúkọ, nọ́ńbà ara ìbọn àti ọjọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú ilé tún un kà fún yín, nítorí pé ojú tó ti mọ ìwé kan tẹ́lẹ̀ máa ń fo àṣìṣe.

Ìpele 3: Ẹ yan ọ̀nà, ọjọ́ àti ọkọ̀

Ìwé àṣẹ gba yín láyè láti ní ìbọn. Kò sọ pé kí ẹ máa gbé e káàkiri ìgboro bí ẹni ń gbé aago ọwọ́. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ ní láti lè sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ibi tí ẹ ń lọ, àti ìdí tí ìbọn fi gbọ́dọ̀ bá yín dé ibẹ̀, ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọkọ̀ ara yín nìkan ni kí ẹ fi gbé e. Ẹ má gbé ìbọn wọ dáńfó, BRT tàbí kẹ̀kẹ́ márúwá, ì báà jẹ́ pé ẹ ti dì í mọ́ inú ẹní. Ti ọ̀kadà tilẹ̀ burú ju gbogbo wọn lọ: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, àwọn ni Lagos Island, Lagos Mainland, Sùúrùlérè, Ìkẹjà, Àpápá àti Etí-Ọ̀sà, nítorí náà ẹni tó gun ọ̀kadà níbẹ̀ ti fún ọlọ́pàá ní ìdí àtidá a dúró kí wọ́n tó rí ìbọn rárá.

Ẹ rìn ní ọ̀sán. Ẹ gba ọ̀nà tó tààrà jù, kí ẹ má sì yà síbì kan: ẹni tó ń gbé ìbọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò gbọdọ̀ dúró jẹ ìrẹsì ní Lẹ́kí, kí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní gbàgede. Ọjọ́ ìdìbò, ẹ má gbé e kúrò nínú àpótí rárá, nítorí pé òfin ìdìbò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ní ohun ìjà ní àyíká ibùdó ìdìbò, àwọn ibùdó wọ̀nyí sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní gbogbo àdúgbò Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e lọ síbi ìsìnkú tàbí ọdún ìbílẹ̀ láti yìn ín sókè. Ọta tó bá gòkè máa ń padà wálẹ̀, ní Múṣin tàbí Ìdúmọ̀tà, orí ẹnì kan ló máa bọ́ sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ sọ gbólóhùn yẹn sókè: “Láti ilé mi ní ibí ni mo ti ń bọ̀, oko mi ní ibí ni mo ń lọ, ìdí rẹ̀ nìyí.” Bí ó bá gùn ju èémí kan lọ, ẹ tún un gé.

Ìpele 4: Ẹ di ẹrù náà bó ti yẹ

1. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí èèyàn, kí ìka yín sì jìnnà sí ibi tí a ń fà. Ẹ ṣẹ́ ìbọn náà bí ẹ ti í ṣẹ́ ẹ kí ẹ tó kì í, kí ẹ fi ojú wo ihò méjèèjì, kí ẹ tún fi ìka kékeré kàn án. Ojú nìkan máa ń tan àgbà jẹ.
2. Bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà, ẹ má kì í nílé rárá. Ẹ̀tù inú rẹ̀ kò ṣeé yọ bí ọta, ọkọ̀ tó ń fò lórí kòtò Èkó kì í sì í ṣe ibi tí ìbọn tí a ti kì yẹ kó wà. Ẹ gbé ẹ̀tù lọ́tọ̀, ní ibi tí ooru kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
3. Ẹ fi ìbọn sínú àpótí, ẹ tì í, kí ẹ gbé e sí bùútù.
4. Ẹ ka ọta, ẹ kọ iye rẹ̀ sórí bébà, ẹ fi wọ́n sínú páálí tiwọn, ẹ tì í. Kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí ìbọn.
5. Ẹ fi ìwé àṣẹ, ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé ọkọ̀ sínú fáìlì pẹlẹbẹ náà, kí ẹ fi í sí orí dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí sí abẹ́ aṣọ́jú oòrùn, níbi tí ẹni tó dúró níta ti lè rí i kí ẹ tó nawọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún yìí ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Ìwé kò gbọdọ̀ sí níbi tí ìbọn wà, kò sì gbọdọ̀ sí nínú àpò ṣòkòtò yín tàbí nínú páálí ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí inú rẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan nígbà tí ọlọ́pàá dá a dúró, ìwé rẹ̀ pé, ọkàn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n inú àpótí ìbọn ló fi ìwé sí, àpótí náà sì wà lẹ́sẹ̀ èmi tí mo jókòó sẹ́yìn. Ó ní, “Ìwé mi wà níbẹ̀ yẹn,” ó sì yí padà láti ṣí i. Gbogbo wa la dojú bolẹ̀ sórí ọ̀dà kó tó ráyè parí ọ̀rọ̀. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó gbà pé lóòótọ́ ni ìwé wà nínú àpótí tí wọn kò jẹ́ kó ṣí, ìyá mi kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn wọ inú ọkọ̀ tó bá wà láti ọjọ́ náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ jókòó sídìí ọkọ̀, ẹ di bẹ́líìtì, kí ẹ mú ìwé àṣẹ pẹ̀lú ọwọ́ kan láìtẹrí ba, láìyí ẹ̀yìn padà, láìṣí ohunkóhun. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ tún ibi tí ẹ fi í sí yàn.

Ìpele 5: Nígbà tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró

Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 fún ọlọ́pàá láyè láti dá ènìyàn àti ọkọ̀ dúró kí ó sì yẹ̀ wọ́n wò bí ó bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti fura. Ẹni tó gbé ìbọn kò jàǹfààní kankan nínú bíbá a jiyàn lórí ìdí yẹn lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ó yọrí, kí ẹ tó sọ ẹjọ́ yín níbi tí ó yẹ.

*Kí ọkọ̀ tó dúró.* Ẹ rọra dẹwọ́ eré láti òkèèrè. Ẹ pa rédíò, ẹ sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ sọ fún àwọn tó wà pẹ̀lú yín kí wọ́n gbé ọwọ́ lé àga iwájú tàbí lé itan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fóònù ṣeré. Ọwọ́ yín méjèèjì, orí sítíárì.

*Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.* Ìbọn tí onílé rẹ̀ ti dárúkọ kò dà bí ìbọn tí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ṣí bùútù bá. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà, ìbọn, bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹnì kejì rẹ̀ tó dúró lókèèrè lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan yẹn ṣoṣo ni yóò gbọ́. Ẹ kí i, ẹ dárúkọ ìwé, ẹ tó wá dárúkọ ohun tí ìwé wà fún àti ibi tó wà:

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá, òun ló wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yìí. Ìbọn tí ìwé náà wà fún wà nínú bùútù, mo ti tì í, kò sí ọta nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi rèé. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é?”

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ má tíì nawọ́ sí ìwé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló máa tu ọlọ́pàá lára jù, nítorí pé ó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ni àkóso wà. Gbogbo ọlọ́pàá tó wà ní Èkó kọ́ ló gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ẹ fi èdè òyìnbó tàbí èdè pijin tún un sọ nílé títí tí yóò fi rọ̀ yín lẹ́nu, kí ìtò ọ̀rọ̀ náà má sì yí padà.

*Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é.* “Mo fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún mú ìwé.” Ẹ dúró kí ó ní kí ẹ mú un. Bí ó bá ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ tú bẹ́líìtì, kí ẹ tú u. Ẹ rọra ṣílẹ̀kùn, kí àtẹ́lẹwọ́ yín hàn. Bí ó bá fẹ́ rí ìbọn, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ kí òun fúnra rẹ̀ ṣí i. Ó lè ní kí ẹ̀yin ló ṣí i. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé ẹ ò fẹ́ kí ọwọ́ yín kan ìbọn níwájú òun. Mi ò tíì rí ọlọ́pàá tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìdáhùn yẹn.

Ẹ̀yin àgbà, mo mọ̀ pé ibi yìí ni ó máa ń ṣòro jù. Ọmọkùnrin tí kò tó àbíkẹ́yìn yín á na ìka sí yín, á ní “Sọ̀ kalẹ̀!”, kò ní fi “ẹ” pè yín. Ẹ má dá a lóhùn pé ẹ bí irú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba òun náà, òun náà ní ìyá tó ń retí rẹ̀ lálẹ́. Ọ̀gá ni kí ẹ máa pè é títí ọkọ̀ yín yóò fi kúrò níbẹ̀.

*Bí ó bá béèrè owó.* Ẹ má fún un. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, ẹni tí ìwé rẹ̀ pé tó sì tún ń fún ọlọ́pàá lówó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìwé náà di ohun tí a ń fura sí. Ẹ sọ pé, “Ọ̀gá, bí ìwé yìí bá ní àléébù, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí tèṣọ́n, kí DPO bá wa wò ó.” Ẹ sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ ran iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi ọkàn gba orúkọ tó wà láyà rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Bí sójà ló wà níbi àyẹ̀wò, irú èyí tó pọ̀ ní ọ̀nà Àgbádárìgì, gbogbo ohun tí mo sọ yìí kan náà ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó tún ọkọ̀ gbé, ẹ rí i pé ìwé àṣẹ gangan ti padà sọ́wọ́ yín, kì í ṣe fọ́tòkópì. Ẹ rọra lọ jìnnà díẹ̀, ẹ páàkì níbi tó mọ́lẹ̀, ẹ wo àgádágodo méjèèjì, kí ẹ tún ka ọta.

Ìpele 6: Bí wọ́n bá mú yín lọ sí tèṣọ́n

Ẹ tẹ̀lé wọn láìjà. Ẹ béèrè orúkọ tèṣọ́n tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó bá wà pẹ̀lú yín kí ó lè pe agbẹjọ́rò.

Òfin ilẹ̀ wa ní abala karùndínlógójì sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi mú yín fún yín ní kíkọ sílẹ̀ láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá yàn sọ̀rọ̀. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, bí ó ti rí ní gbogbo ìgboro Èkó, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òfin fún wọn láti gbé yín dé iwájú adájọ́ tàbí kí wọ́n gba béèlì yín. Béèlì kì í ṣe ọjà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ máa sọ láìdẹwọ́. Àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, nọ́ńbà ara ìbọn àti iye ọta pẹ̀lú, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan. Bébà tí ẹ kọ iye ọta sí ní Ìpele 4 yóò wúlò níbí, nítorí pé ọta kan tó bá lé lè di ẹ̀sùn tuntun. Èkejì, ẹ máa fi fọ́tòkópì ìwé àṣẹ hàn; bí wọ́n bá gba èyí tó jẹ́ gangan, kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta, ẹ má bu ọwọ́ lu ohun tí ẹ kò tíì kà, tàbí tí wọn kò kà fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́. Òfin Èkó lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn ti ọdún 2011 béèrè pé kí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà lórí fídíò tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Bí ẹ kò bá lágbára àtigba agbẹjọ́rò, Legal Aid Council wà, ìjọba Èkó náà sì ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́, Office of the Public Defender. Kí ẹbí lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n má dúró de alágbàwí tó ń rìn kiri ẹnu ọ̀nà tèṣọ́n. Bí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ yín kúrò ní tèṣọ́n lọ sí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀ràn ní Pántì, ní Yábà, ẹ má sọ gbólóhùn kan mọ́ láìsí agbẹjọ́rò, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun kékeré.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nígbà tí ẹ bá ń kúrò, bébà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín: ẹ̀dà ohun tí wọ́n gbà, orúkọ ọlọ́pàá tó ń wo ọ̀rọ̀ yín, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá.

Ìpele 7: Nígbà tí ìbọn bá padà dé ilé

Ẹ má jẹ́ kí ó sun inú ọkọ̀ mọ́jú. Ẹ gbé e wọlé kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni kí, ẹ tún wo inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú àti ìka, ẹ tì í pa, kí kọ́kọ́rọ́ ọta wà níbi tó yàtọ̀ sí ti ìbọn. Bí ìbọn bá sọnù tàbí tí wọ́n jí i, ẹ lọ sọ ní tèṣọ́n ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ má dúró kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ara yín wá a. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe kí ẹ tó lọ sọ yóò máa tọ̀ yín bọ̀. Bí àwọn ọlọ́ṣà bá wà nínú ilé lọ́wọ́, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè.

Ohun kan tún wà tí àwọn ẹbí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwé àṣẹ kú pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Mo ti rí ilé kan ní Ebute Mẹ́ta tí ìbọn bàbá wọn fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá, nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti gbé e lọ sí tèṣọ́n, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá sì ń sọ àwọn tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà di ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ẹbí mú ìwé àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí ikú lọ bá DPO láìgbé ìbọn dání, kí ó ní kí wọ́n rán ọlọ́pàá wá gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ jogún rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé tirẹ̀ kí ìbọn náà tó dé ọwọ́ rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bi ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ yín tó ti bàlágà léèrè lálẹ́ òní: níbo ni ìwé àṣẹ wà, ta ni kí wọ́n pè, tèṣọ́n wo ni kí wọ́n lọ. Bí wọ́n bá ń wo ojú yín kí wọ́n tó dáhùn, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ tún un ṣàlàyé.